Ibi Tí Ọkọ̀ Dúró, Ibi Tí Igbó Bẹ̀rẹ̀

Ní Vittin, àdúgbò kan ní ìlú Tamale lápá àríwá Gáná, ẹni tó bá forí lé ìgbẹ́ láàárọ̀ mọ ohun tó ń wá lọ síbẹ̀: igi ìdáná, èso èmí, ewé oògùn, oko rẹ̀, tàbí ẹran tó jẹ̀ sọnù. Pé kí ènìyàn wọ ọkọ̀ láti ilé, kó wà á dé etí igbó, kó páàkì rẹ̀ síbi tó tutù, kó wá rìn yíká fún wákàtí kan, kó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo, àṣà tuntun nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí títì ọ̀dà ti ń gùn sí i, tí ilé sì ń bo oko mọ́lẹ̀ ní gbogbo ẹ̀yìn ìlú Tamale, àṣà náà ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé ìbéèrè kan dání tó ju ọ̀rọ̀ ìrìnnà lọ. Igbó tí àwọn kan mọ̀ sí ibùgbé òrìṣà, báwo ló ṣe yẹ kí ọkọ̀ sún mọ́ ọn tó? Ṣé ìrọ̀rùn ọ̀nà ń bu ọ̀wọ̀ ibẹ̀ kù ni, àbí ọ̀wọ̀ kò sí nínú kí ọ̀nà jìn rárá?

Ọ̀dàn ni gbogbo ilẹ̀ Tamale. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ló ń rí lọ́dún, láti nǹkan bí oṣù Kàrún-ún títí wọ oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọyẹ́ á dé, tí koríko á gbẹ, tí iná ìgbẹ́ á sì máa jó kiri. Àwọn igi ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ Ìgbẹ́tì tàbí Ṣakí: èmí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, igbá tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, osè, ọ̀gànwó, àti dóńgóyárò lẹ́bàá títì. Àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, tí wọ́n wà káàkiri ọjà àríwá Gáná kí ìjọba Gáná lábẹ́ Busia tó ní kí àjèjì tí kò níwèé kó ẹrù rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe igi èmí fún wọn.

Lójú àlejò, ìgbẹ́ yìí lè dà bí ohun tí kò lólúwa. Bẹ́ẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín. Lábẹ́ àṣà Dagbon, ilẹ̀ ọba tí Tamale wà nínú rẹ̀, ọba ló ni igi igbá. Ẹni tó ni oko ló ni èmí tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí èso èmí bá ń já bọ́, àwọn obìnrin á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, abọ́ fífẹ̀ lórí, torí ẹni tó bá tètè dé ló ń rí ṣà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ igi, wọ́n á máa fọwọ́ tú koríko tí ìrì ti rin gbingbin, ojú wọn á sì máa ṣọ́ ejò bó ti ń wá èso. Kò sí ẹni tó jẹ́ pe ìrìn yẹn ní ìgbafẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gùn ju ìrìn onígbàfẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, tí ẹyẹ tí wọ́n ń gbọ́ sì jẹ́ ẹyẹ kan náà.

Ju igi lọ, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ní àwòrò. Tindana ni wọ́n ń pè é ní èdè Dagbani. Ìtàn Dagbon sọ pé nígbà tí ọba Naa Nyagsi àti àwọn jagunjagun rẹ̀ gba ilẹ̀ náà, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tindana, wọ́n sì fi àwọn ọmọ oyè jọba sí ìlú wọn. Síbẹ̀ oyè tindana kò parẹ́. Ìjọba wà lọ́wọ́ Ya Naa, ọba àgbà Dagbon, ní Yendi àti àwọn ọba abẹ́ rẹ̀; ètùtù ilẹ̀, ojúbọ àti igbó òrìṣà wà lọ́wọ́ tindana. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù wá tàn dé gbogbo Dagbon lẹ́yìn náà, ó sì di ẹ̀sìn ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ènìyàn Tamale, ṣùgbọ́n àwọn igbó kan ṣì wà tí ẹnikẹ́ni kì í fi àdá kàn.

Ọ̀kan lára èyí tí àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé lé lórí ní agbègbè yìí ni igbó Malshegu, lẹ́bàá Tamale. Ẹni tó bá ń retí igbó kìjikìji á bojú wò ó, á ní ṣé kò ju báyìí lọ, torí igbó náà kò tó hẹ́kítà kan. Kpalevorgu ni òrìṣà ibẹ̀. Òkúta ńlá kan lábẹ́ igi osè ló dúró fún un. Àwọn ará Malshegu ní òrìṣà yìí ló gba àwọn baba ńlá wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú ní ọ̀rúndún 18, pé láti ìgbà náà ni wọ́n ti ya ilẹ̀ tó yí i ká sọ́tọ̀. A kì í dáko níbẹ̀. A kì í gégi, a kì í dẹ ìgbẹ́, ẹran ọ̀sìn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá nílò ewé tàbí èèpo igi fún oògùn á kọ́kọ́ tọ àwòrò lọ. Àsìkò ètùtù nìkan ni ẹsẹ̀ ń pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn odi igbó náà ṣe pàtàkì tó ohun tí wọn kì í ṣe nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún, kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, àwọn ará ìlú á ro ilẹ̀ yí igbó ká, wọ́n á gbá koríko gbígbẹ kúrò títí ilẹ̀ á fi hàn pupa, kí iná tó bá ń bọ̀ má rí ohun tó máa jẹ débẹ̀. Bí èyí ṣe lágbára tó hàn nínú ìdánwò kan tí àwọn onímọ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929 nínú igbó ọba Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ń sun ìpín kan níbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n ń sun ìkejì nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá fẹ́ parí tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, wọn kò sì jẹ́ kí iná dé ìkẹta rárá. Nígbà tó fi máa tó bí ọgbọ̀n ọdún, ìpín kẹta ti di igbó tí orí igi rẹ̀ pàdé, ìkejì sì ti di pápá tí igi wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí wọn. Iná ọdọọdún ló ń jó igi kékeré kó tó lè dàgbà, ibi tí iná kò bá sì dé, igi á borí koríko. Ibòji tó wu àlejò ní Malshegu, èèwọ̀ ló gbìn ín, ọkọ́ ló sì ń ṣọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ìyàsọ́tọ̀ yìí ni Émile Durkheim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀sìn ní ọdún 1912. Lójú tirẹ̀, ohun mímọ́ ni ohun tí a yà sọ́tọ̀ tí a sì fi èèwọ̀ yí ká. Ìwà àwọn ènìyàn sí nǹkan náà ló ń sọ ọ́ di mímọ́. Onísìn kò ní gbà bẹ́ẹ̀, torí lọ́dọ̀ tirẹ̀, òrìṣà ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀ kí èèwọ̀ tó dé. Ohun tí àwọn méjèèjì lè fẹnu kò lé lórí ni pé ààlà gbọ́dọ̀ wà, ààlà náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ojú rí tí ara sì mọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, màrìwò ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n á ta á gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà igbó orò, ẹni tó bá dé ìdí rẹ̀ tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá á padà láìsí ẹni tó dá a dúró. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ á bọ́ bàtà, á ṣí fìlà, á júbà, kó tó tẹ̀ síwájú. Irú rẹ̀ wà nínú Àlùkùráánì, nínú Súrà Tọ̀ Há, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí Ànábì Mọ́sà bọ́ bàtà rẹ̀ torí ibi tó wà, ó sì wà nínú Bíbélì lẹ́bàá igbó tó ń jó. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín ẹni tó wọ bàtà àti ẹni tó bọ́ ọ, ṣùgbọ́n nínú ìgbésẹ̀ díẹ̀ yẹn ni ènìyàn ti mọ̀ pé òun ti dé ilẹ̀ onílẹ̀.

Ọkọ̀ ń pa ìgbésẹ̀ yẹn run tí a kò bá ṣọ́ra. Inú ọkọ̀, ibi gbogbo rí bákan náà: àga kan náà, afẹ́fẹ́ amúlétutù kan náà, rédíò kan náà. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ dé ìdí igi osè kò kọjá ààlà kankan nínú ara rẹ̀. Bóyá ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi ń kọ̀, tí ọ̀nà sì ń yà, nínú àwọn ìtàn mímọ́ kan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó padà di wòlíì ìjọ Àpósítélì ti Kristi, wà lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ náà kọ̀ pátápátá, tó sì gbọ́ ohùn tó pè é. Ní Larabanga, lápá ìwọ̀-oòrùn Tamale, nítòsí mọ́ṣáláṣí alámọ̀ funfun tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n ń sọ̀tàn òkúta kan tí àwọn tó ń la ọ̀nà gbé kúrò lójú iṣẹ́ wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òkúta ti padà sáyè rẹ̀. Wọ́n tún gbé e, ó tún padà. Nígbà tó sú wọn, ọ̀nà ni wọ́n yí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò gba ìtàn náà gbọ́ lè lọ wo bí ọ̀nà ṣe yà.

Ìbéèrè tó le ju ti ọkọ̀ lọ wà níbí. Onígbàfẹ́ láti Vittin lè jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì tí kò gba Kpalevorgu gbọ́ rárá. Kí ni ìtumọ̀ ọ̀wọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àwọn kan á ní bíbọ́ bàtà ní igbó òrìṣà ti jẹ́ ìjọsìn, ìyẹn sì jẹ́ fífi òrìṣà ṣe orogún Ọlọ́run, kí ó yáa jókòó sílé. Àwọn mìíràn á ní níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìgbàgbọ́, igi lásán ni gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni rìn bó ṣe wù ú. Èrò méjèèjì gbà pé òrìṣà nìkan ni èèwọ̀ wà fún. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ro ilẹ̀ yí igbó Malshegu ká lọ́dọọdún wà níbẹ̀ pẹ̀lú òrìṣà wọn, àwọn la sì ń bu ọlá fún tàbí tá à ń rí fín. Àlejò tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé kò sin ẹni tó nilé. Ó kàn gbà pé ilé náà kì í ṣe tòun. Mùsùlùmí tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀ pupa yẹn títí wọ́n fi ní kó wọlé lè ṣe é láìba ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́. Èyí tí kò lè ṣe ni kó bá wọn ṣètùtù, kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é.

Ṣé ọ̀nà jíjìn ní èrè kan fúnra rẹ̀? Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí ju bí àwọn onígbàfẹ́ ti mọ̀ lọ. Nínú àkójọ hadisi ti Muslim, àwọn ìdílé Banu Salima ní Mẹ̀dínà ń gbé lọ́nà jíjìn sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì fẹ́ kó wá sítòsí rẹ̀. Ànábì Muhammadu ní kí wọ́n jókòó sílé wọn, pé ìṣísẹ̀ wọn wà lákọsílẹ̀. Ẹni tó bá ka èyí nìkan lè sọ pé kí wọ́n gbé ibi ìgbọ́kọ̀sí jìnnà, kí èrè lè pọ̀. Ṣùgbọ́n Àlùkùráánì sọ nínú Súrà Bakọra, lórí ààwẹ̀ aláìsàn àti arìnrìn-àjò, pé ìrọ̀rùn ni Ọlọ́run ń fẹ́ fún ẹ̀dá, kò fẹ́ ìnira. Nínú Súrà Hajj, àwọn tó ń bọ̀ wá sí ilé Ọlọ́run ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn mìíràn ń gun ràkúnmí tí ìrìn ti sọ di gbígbẹ, kò sì sí ibi tí a ti sọ pé tẹlẹ́sẹ̀ dára ju tẹni orí ràkúnmí. Ohun tí a lè fà yọ ni pé èrè ìṣísẹ̀ wà fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, kò sí èrè fún ẹni tó ń sọ ọ̀nà ẹlòmíì di jíjìn. Ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìrìn kìlómítà kan.

Àwọn tó ń pe ìrọ̀rùn ní ọ̀tá ìwà mímọ́ máa ń gbàgbé èyí. Ní Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbénigòkè síbẹ̀ fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Ní Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà níwájú àlejò. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn nìkan sọ èwo nínú òkè méjèèjì ló ní ọ̀wọ̀ jù.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo fi hàn pé èrò lè pọ̀ kí ààlà má sì parẹ́. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Susanne Wenger àti àwọn ọ̀ṣọ̀nà ìlú ṣe níbẹ̀. Ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ, ọkọ̀ á kún gbogbo àdúgbò tó yí igbó ká. Síbẹ̀ ohun tí gbogbo èrò ń dúró dè ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ láti ààfin: Arugbá, wúńdíá tó ru igbá, tí kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kọ. Ọkọ̀ lè gbé gómìnà àti àlejò ilẹ̀ òkèèrè dé ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fi ọkọ̀ gbé igbá.

Ti ọgbà Lekki ní Èkó yàtọ̀. Hẹ́kítà 78 ni ọgbà náà, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó ní Nàìjíríà ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1990. Àlejò á gbé ọkọ̀ sílẹ̀, á san owó, á gun afárá orí igi tó gùn ní mítà 401, á ya fọ́tò, á sì lọ. Kò sí àwòrò, torí náà owó ìwọlé ló di ààlà. Ọgbà Mole, níwájú Larabanga, wà láàárín méjèèjì. Ó lé ní 4,500 kìlómítà onígun mẹ́rin, wọ́n yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1958, ó sì di ọgbà ìjọba ní 1971. Kò sẹ́ni tó ń dá rìn níbẹ̀: ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn ló ń síwájú, nítorí erin. Ẹni tó bá rìn lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́ yẹn á rí bí ẹ̀rù gidi ṣe ń kọ́ni ní ìdákẹ́jẹ́ kíákíá ju ìwàásù lọ. Ṣùgbọ́n kí Mole tó di ọgbà, abúlé wà níbẹ̀. Wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò, ojúbọ wọn sì wà nínú ilẹ̀ tí àlejò ti wá ń wo erin lónìí.

Irú pàṣípààrọ̀ yìí kò yọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Igbó Epping, tí kò jìnnà sí àwọn àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, kún fún ibi ìgbọ́kọ̀sí káàkiri. Òfin ọdún 1878 ló fi í sọ́wọ́ ìjọba City of London kí gbogbo ènìyàn lè máa gbafẹ́ níbẹ̀. Òfin kan náà ló fòpin sí ẹ̀tọ́ àwọn ará Loughton láti máa gé ẹ̀ka igi ìdáná nínú rẹ̀ nígbà òtútù, wọ́n sì fi owó gbà-máà-bínú kọ́ gbọ̀ngán kan fún wọn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1884. Igbó náà bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó nílò igi rẹ̀, ó di ti ẹni tó nílò atẹ́gùn rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣa èso èmí lẹ́yìn Tamale lè bá ara wọn nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bí ìgbafẹ́ bá di òwò níbẹ̀, torí onígbàfẹ́ kì í fẹ́ rí ẹlẹ́rù nínú igbó tó ti sanwó fún.

Ọ̀nà tí a là fún àlejò kì í sì mọ àlejò nìkan. Lẹ́bàá ìlú tó ń dàgbà bíi Tamale, ọ̀nà tí ọkọ̀ kékeré bá lè gbà, tírélà oníyanrìn náà á gbà á, oníṣòwò èédú á tẹ̀ lé e. Iná tún wà. Nígbà ọyẹ́, ọ̀pá èéfín ọkọ̀ tó ti rìn jìnnà máa ń gbóná tó ohun tó lè ran koríko gbígbẹ tó bá kàn án lábẹ́ ọkọ̀. Awakọ̀ tó páàkì sórí koríko lẹ́bàá igbó òrìṣà láti bọ́ lọ́wọ́ oòrùn lè sun ohun tí ìran mẹ́wàá fi ọkọ́ ṣọ́, láìṣá ìṣáná kan.

Nítorí náà, ibi tó yẹ kí ọkọ̀ dúró sí ní irú igbó bíi Malshegu ti wà nílẹ̀ tipẹ́: ẹ̀yìn ilẹ̀ tí wọ́n ro, lórí ilẹ̀ gbígbá tí kò ní koríko, ní apá ibi tí abúlé wà, kí ẹni tó bá dé lè kọ́kọ́ rí ojú ènìyàn kó tó rí ojú igi. Ìrọ̀rùn lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó ní: ọ̀nà tó dán, ibòji, omi mímu, àga fún àgbà. Láti ibẹ̀ lọ, ìgbésẹ̀ tó kù kò pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá lè rìn ín, bóyá kí wọ́n tì í lórí kẹ̀kẹ́ tàbí kí wọ́n gbé e wọlé, tindana ló máa sọ. Àsìkò wà tí ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ rárá fún gbogbo ènìyàn, ẹlẹ́sẹ̀ àti ọlọ́kọ̀, nítorí ètùtù tàbí nítorí ohun tí kò ní ṣàlàyé fún àlejò. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á yí padà sí Vittin.